Ilẹ̀ kọ́ ni iṣu ń jẹ

Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kábbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, bí ẹ bá bi àgbẹ̀ léèrè pé kí ni iṣu ń jẹ tó fi ń ta, "ilẹ̀ ni" lẹ máa gbọ́. Ẹni tó bá kàwé díẹ̀ á ní ajílẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ gan-an, tí wọ́n lè ka gbogbo ohun tí ìwé wọn sọ nípa photosynthesis, bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, lórí, bí mo bá gbé iṣu kan lé orí tábìlì tí mo ní ibo ni ìwúwo yìí ti wá, ilẹ̀ náà ni wọ́n ń nawọ́ sí. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n gba máàkì, ọ̀rọ̀ náà kò sì wọ inú wọn.

Irọ́ ni o. Iṣu kì í jẹ ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í jẹ ẹ́, kajú kì í jẹ ẹ́, ìrókò tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá-ńlá wa kò jẹ ẹ́ rí. Afẹ́fẹ́ àti omi ló di igi, ewé ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ẹmu ló ń pa mí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí kálukú ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ìrókò. Bí igi bá ń jẹ ilẹ̀, igi tó tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti gbẹ́ kòtò sí ìdí ara rẹ̀, kòtò tí ilé alájà á wọ̀. Ṣé ẹ rí kòtò kankan níbẹ̀? Gbòǹgbò rẹ̀ ló tiẹ̀ gbé ilẹ̀ sókè. Ẹ wo iṣu náà. Lóṣù kẹjọ, àwọn kan nínú wa máa ń rọra wa ẹ̀gbẹ́ ebè, wọ́n á gé iṣu kúrò lára orí rẹ̀ nígbà tí ìtàkùn ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọ́n á sì da ilẹ̀ bò ó padà. Kó tó di ọ̀gbẹlẹ̀, orí yẹn á ti ta òmíràn tí a ó fi ṣe èbù. Kò sẹ́ni tó bu ilẹ̀ tuntun sí ebè náà. Ìtàkùn tútù tó wà lókè ni a fi sílẹ̀, òun ló ta á. Ẹ dán an wò kí ẹ gé ìtàkùn náà dànù pẹ̀lú iṣu, ẹ ó rí i pé ebè kan náà, ilẹ̀ kan náà, kò ní ta ohunkóhun.

Ẹ̀rí tó dára jù, inú ààrò ló wà. Ìdì igi gbígbẹ tó wúwo débi pé èèyàn méjì ló bá obìnrin gbé e rù, tí ó rù ú láti oko wálé tí ọrùn fi ń dùn ún, ẹ dá a síná kó jó tán pátápátá. Eérú tó kù, ọwọ́ méjì ló kó o. Eérú yẹn gan-an ni ìpín ilẹ̀ nínú igi náà. Nínú igi gbígbẹ tó wúwo 100 kílò, eérú rẹ̀ kì í sábà ju kílò kan tàbí méjì lọ. Naítrójìn díẹ̀, ọ̀kan nínú ohun inú ajílẹ̀, tó wá láti ilẹ̀ máa ń bá èéfín lọ, mi ò gbàgbé rẹ̀, àmọ́ kò tó nǹkan lára igi. Gbogbo ìyókù gòkè lọ bí èéfín àti afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí, nítorí ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹnì kan á ní iṣu tútù kì í jó. Òótọ́ ni, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi 70 nínú 100, omi náà sì gba inú ilẹ̀ wá lóòótọ́. Ó dáa, ẹ bẹ iṣu náà, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ kangẹ, ẹ lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Omi ti lọ báyìí. Èlùbọ́ yẹn ńkọ́, ibo ló ti wá? Ewéko gbígbẹ, ẹ bá mi pín in sí ọ̀nà 100: bíi 45 jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ohun dúdú inú èédú, bíi 45 jẹ́ ọ́síjìn, bíi 6 jẹ́ háídírójìn. Àwọn mẹ́ta yìí, ẹnu ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ewé àti omi ni wọ́n gbà wọlé. Nǹkan bí 4 péré ló ṣẹ́kù fún gbogbo ohun tí ilẹ̀ mú wá: naítrójìn, pọ́táṣì, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kálísíọ̀m àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ó ti ń lọ sí 400 ọdún tí ẹnì kan ti wọn nǹkan yìí. Jan Baptist van Helmont lorúkọ rẹ̀, oníṣègùn ará Brussels, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́líjíọ̀m lónìí. Ó yan ilẹ̀ nínú ààrò kó lè gbẹ, ó wọn 200 pọ́n-ùn rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, ó gbin igi willow kékeré kan tó wúwo pọ́n-ùn 5 síbẹ̀. Ó fi irin tó lu ní ihò wẹ́wẹ́ bo ẹnu ìkòkò kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Omi nìkan ló ń bù sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, ó fa igi náà tu, ó gbé e lé ìwọ̀n: pọ́n-ùn 169 ó lé díẹ̀. Ó tún yan ilẹ̀ náà kó gbẹ, ó wọ̀n ọ́n. Áúǹsì méjì péré ló dín, bẹ́ẹ̀ áúǹsì 16 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó ní omi ló di igi, ó sì ṣì í. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ó sun pọ́n-ùn 62 èédú igi oak, eérú pọ́n-ùn kan ló kù. Ó ní pọ́n-ùn 61 tó kù ti di ẹ̀mí kan tí kò ṣeé dì sínú ohun èlò, òun náà ló sì dá orúkọ "gas" sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orúkọ tí gbogbo ayé ń pè títí di òní. Gáàsì tó ń ti inú èédú rẹ̀ jáde yẹn, tí wọ́n ń kọ ní CO2, kábọ́ọ̀nù tó so mọ́ ọ́síjìn, ni willow rẹ̀ ti ń kó jọ fún ọdún márààrún. Kò kàn so àwọn méjèèjì pọ̀ ni. Àwọn tó ń sun èédú nínú igbó Bùnú mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: bí wọ́n bá fi ilẹ̀ bo igi tó ń jó kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́, kábọ́ọ̀nù á dúró sí inú èédú, bí ihò bá yọ lára òkìtì náà, èédú á di eérú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn tó wá lẹ́yìn ló tún un ṣe. Ní 1771, Joseph Priestley ti Ìlú Ọba rí i pé ewéko máa ń tún afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ti bà jẹ́ ṣe. Ní 1779, Jan Ingenhousz, dókítà ará Netherlands, fi hàn pé ibi tó bá ní àwọ̀ ewé lára ewéko nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ń ṣe é àfi bí oòrùn bá ràn sí i. Nicolas-Théodore de Saussure ti Geneva gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwọ̀n ní 1804, ó rí i pé CO2 àti omi ni wọ́n jọ di ara igi. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú ohun tí mò ń sọ níbí.

Ẹ wá já ewé ẹ̀gẹ́ kan, ẹ gbé e sókè síwájú oòrùn. Ó fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó lè gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Ó tún fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé oòrùn ń là á kọjá, nítorí náà gáàsì tó bá wọlé kò ní ìrìn àjò gígùn láti rìn. Iṣan rẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn ń gbé omi láti gbòǹgbò wá, ó sì ń gbé ṣúgà tí ewé ṣe lọ sí ìsàlẹ̀, lọ sí ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ń ta. Ẹ yí i padà. Òkè rẹ̀ dúdú ju abẹ́ lọ, nítorí òkè ni àwọn nǹkan kéékèèké tó ní àwọ̀ ewé, klorofíìlì, ti fún mọ́ra jù. Klorofíìlì yìí ló ń gbá agbára oòrùn mú, pàápàá ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ni kò fi bẹ́ẹ̀ mú, òun ló ń dá padà sí ojú wa. Agbára yẹn ló fi ń ya omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ́síjìn inú omi ni ewé ń tú síta fún wa láti mí. Samuel Ruben àti Martin Kamen ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1941. Háídírójìn tó kù ni wọ́n ń fi mú CO2 tí ó fi ń di ṣúgà, kí ṣúgà tó di sítáàṣì, ohun funfun inú iṣu àti ẹ̀gẹ́.

CO2 ń gba abẹ́ ewé wọlé. Kí ẹ tó ní mò ń pa àlọ́, ẹ bu omi gbígbóná sínú àwo funfun, kó má hó, ẹ ti ewé tuntun bọ̀ ọ́. Lójú ẹsẹ̀, ìfóòfò wẹ́wẹ́ á máa yọ lábẹ́ ewé, ní òkè rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ. Afẹ́fẹ́ inú ewé tí ooru ń lé jáde gba àwọn ihò rẹ̀ nìyẹn. Ihò náà kéré débi pé wọ́n lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú àyè tí kò ju orí pínnì lọ. Ìdí tí wọ́n fi wà lábẹ́ ni pé oòrùn kò ní tètè gbẹ omi mọ́ ewé lára níbẹ̀, eruku kò sì ní tètè dí wọn. Ọ̀rọ̀ eruku kì í ṣe kékeré lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ojú ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́, ẹ ti rí kajú tó wà létí títì tí ewé rẹ̀ pọ́n bíríbírí láti òkè délẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọ ewé, eruku ló gbà á. Títì tí wọn kò ṣe, ara igi náà ló ń fi gbà á.

Kò wá rọrùn fún ewé. Gáàsì tó ń wá kiri kò pọ̀ rárá: nínú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 10,000, CO2 kò ju bíi 4 lọ. Bí ó bá ṣí ihò láti gbà á, omi á máa bá ibẹ̀ jáde. Bí ó bá tì í, oúnjẹ á dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí ẹ ń rí lára ewé, orí ìjà yìí ló dá lé. Ìdí nìyẹn tí ìrókò fi ń wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí àgbàdo sì ń ká ewé rẹ̀ jọ lọ́sàn-án nígbà tí òjò bá kọ̀ láti rọ̀. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké tún ní ọgbọ́n àrà kan tí ẹ̀gẹ́ àti iṣu kò ní: wọ́n máa ń kó CO2 jọ sí àárín ewé kí wọ́n tó lò ó, nítorí náà, kí ihò wọn má tiẹ̀ ṣí púpọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Oòrùn Yàgbà tó ń pọ́n àwa lójú, òun gan-an ni ọkà ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n àbámodá ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹ já ewé rẹ̀ kan, ẹ so ó mọ́ ara ògiri, kò ní ilẹ̀, kò ní ajílẹ̀, ọmọ á sì yọ ní etí rẹ̀ yí ká. Ìyẹn nìkan tó láti bi àwọn tó ní ilẹ̀ ni igi ń jẹ léèrè ọ̀rọ̀. Èyí tó jinlẹ̀ jù ni pé ọ̀sán ló ń ti ihò rẹ̀, òru ló ń ṣí i, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù tí omi kò ní sá lọ púpọ̀. Oòrùn kò sí lóru, nítorí náà kò lè sọ CO2 di ṣúgà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á sọ ọ́ di ásíìdì, á tọ́jú rẹ̀ sínú ewé dojúmọ́. Bí oòrùn bá yọ, á ti ihò, á máa yọ CO2 náà lò díẹ̀díẹ̀. Benjamin Heyne tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà ló kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1815: ó tọ́ ewé àbámodá wò láàárọ̀, ó kan gan-an, ó tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, kíkan náà ti lọ. Ẹ̀yin náà lè ṣe é lẹ́yìn ilé yín. Ẹ bù ú ṣán díẹ̀ ní kùtùkùtù, ẹ tu ú dànù, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti kúrò ní àtàrí. Ẹ má gbé e mì o, àgbo kọ́ là ń ṣe, èyí tó bá sì pọ̀ lè ṣe ẹran ọ̀sìn léṣe. Ọ̀dúndún, ọ̀pẹ òyìnbó àti ọjà ìkookò náà ń ṣe irú iṣẹ́ òru yìí.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kó òdòdó jáde nínú yàrá lálaalẹ́ pé kó má baà gba afẹ́fẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ewéko ń mí bíi tiwa lóòótọ́, tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n èyí tó ń mí síta lóru kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbúrò yín tí ẹ jọ sùn sórí ẹní. Kò sì sẹ́ni tó ń lé àbúrò jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ rí sítáàṣì fúnra rẹ̀, kó ra áyódíìnì àti sípírítì lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì. Ẹ fi bébà dúdú bo apá kan ewé tó wà lórí igi, kí oòrùn má kàn án, fún ọjọ́ méjì. Ẹ já a ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan nínú omi tó ń hó. Ẹ kó o sínú ife sípírítì, kí ẹ gbé ife náà sínú omi gbígbóná tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Mo ní tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀: sípírítì kì í bá iná ṣeré. Àwọ̀ ewé á tú sínú sípírítì, ewé á funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ kán áyódíìnì sí i. Ibi tí oòrùn kàn á dúdú bí aró, ibi tí bébà bò kò ní dúdú. Ewé kan náà ni, orí igi kan náà, gbòǹgbò kan náà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló ń fi sítáàṣì ránṣẹ́, kí ló dé tó fi yan apá kan fún, tó fi apá kejì sílẹ̀?

Àwọn àgbẹ̀ máa ń dá mi lóhùn níbí, ìbéèrè wọn sì dára: bí ilẹ̀ kò bá ṣe oúnjẹ, kí ló dé tí ilẹ̀ tó ti gbó kì í ta iṣu mọ́, tí ajílẹ̀ sì ń sọ ọ́ di ọ̀tun? Ohun tí ajílẹ̀ jẹ́ sí igi ni iyọ̀ jẹ́ sí ọbẹ̀: bí kò sí, ọbẹ̀ kò ṣeé jẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi iyọ̀ yó. Láìsí naítrójìn àti magnésíọ̀m, ewé kò lè ṣe klorofíìlì. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo orí ilẹ̀ tó ti gbó fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Láìsí pọ́táṣì, ihò abẹ́ ewé kò lè ṣí kó tì bó ṣe yẹ. Ewé ni ajílẹ̀ ń tún ṣe, ewé ló wá ń bọ́ iṣu. Ẹni tó bá da naítrójìn jù sídìí ẹ̀gẹ́ nítorí ó rò pé oúnjẹ ni, ó ti rí àbájáde rẹ̀: igi gíga, ewé pítímù, abẹ́ rẹ̀ kò ní nǹkan púpọ̀. Owó rẹ̀ lọ sórí ewé.

Ẹni tó bá gba ohun tí mo wí á yí ojú rẹ̀ sókè lóko. Ọ̀pá tí a ń fi ti ìtàkùn iṣu, ewé la fi ń gbé sínú oòrùn kí wọ́n má bo ara wọn mọ́lẹ̀. Koríko tó yọ ga ju ẹ̀gẹ́ lọ kò jí ilẹ̀ nìkan, ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ jí. Ewé ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń já fún ewúrẹ́ láti òpin òjò títí tí ẹ fi fẹ́ wà á, ara ẹ̀gẹ́ lẹ ti ń yọ ọ́. Ti kajú ló wá burú jù. Láti Mọ̀pà dé Ìyàrà, ẹ máa rí oko kajú tí wọ́n gbìn sún mọ́ra tó fi jẹ́ pé ọ̀sán ń ṣú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka tí ìmọ́lẹ̀ kàn ní ẹ̀yìn òde ni kajú ti ń yọ òdòdó, nítorí náà oko tí gbogbo igi rẹ̀ ti wọnú ara wọn, téńté orí nìkan ló ń so. Olóko á lọ ra ajílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó gé igi kan láàárín méjì, kó fi mítà mẹ́wàá sáàárín wọn, á ní ẹ fẹ́ bà á láyé jẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ẹ gbójú sókè wo àfòmọ́. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí láyé, síbẹ̀ ewé rẹ̀ tutù lórí kajú àti kòkó nígbà tí ẹ̀ka tó gùn ń gbẹ lọ. Omi àti àwọn nǹkan bí iyọ̀ inú ilẹ̀ ló ń fà mu lára igi tó gbà á lálejò, ṣùgbọ́n ewé ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ṣúgà ara rẹ̀. Ẹ̀ka tí àfòmọ́ bá wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ẹ gé e wọ inú díẹ̀ kọjá ibi tó ti so mọ́ igi, kó má baà tún hù, kí ẹ sì ṣe é kí ẹyẹ tó jẹ èso rẹ̀ tó gbé e lọ sórí igi mìíràn.